Àṣàkẹ́ Tí Ẹ Kò Gé Létí

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín kí n tó kí yín, nítorí mo mọ̀ yín: bí ènìyàn kò bá tíì sọ iye tó jáde lápò, ẹ kì í gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀. Láti Iléyá èṣí di òní, okùn Àṣàkẹ́ gba ẹgbẹ̀rin náírà. Iyọ̀ rẹ̀ gba ẹgbẹ̀fà. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ẹran gún un gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ọ̀kadà tó ń bá mi gbé èèpo ẹ̀gẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onígàrí gba ẹgbàá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Èèpo fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Eèrí ògì tó ń jẹ láàárọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń lọ àgbàdo lọ́dọ̀ mi ló ń bù ú fún mi.

Ti ajá Ràṣídì wá ńkọ́? Oṣù márùn-ún péré ni ajá náà dé ilé wa. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Ṣéènì àti bẹ́líìtì ọrùn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Oúnjẹ, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà lójúmọ́, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ₦115,500. Mo fi owó ewúrẹ́ pín owó ajá, ó wọ inú rẹ̀ lọ́nà mọ́kànlélógún géérégé, kò ṣẹ́ kù. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì torí mo rò pé mo ṣì í ni.

Ẹran mẹ́ta lẹ fi sílẹ̀. Ọ̀kan lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ yín. Èkejì ni mo tà, mo fi owó rẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ìlọta ṣe. Ó ku Àṣàkẹ́ nìkan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ó ṣe ohun kan lóṣù tó kọjá tó mú kí orúkọ yín dún ní gbogbo ọ̀nà Olúpọ̀nnà, inú mi sì ń dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra.

Ṣé ara yín le níbẹ̀? Ṣé ibẹ̀ tutù?

Ẹ ò ní gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ kú bó ṣe bí i tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu tíì láìsí mílíìkì láti ìgbà tí mílíìkì ti wọ́n, ẹ rán mi lọ ra agolo mílíìkì méjì àti fídà ọmọ ọwọ́. Mo rò pé àlejò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tòun tọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ẹ ti gbé ọmọ ewúrẹ́ sínú jalàbíà yín, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta lọ́rùn aṣọ. Ẹ ka ṣẹ́ńjì lẹ́ẹ̀mejì bí ìṣe yín, ẹ ò sì sọ̀rọ̀ kankan nípa iye tí mílíìkì gbà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹran yìí yàtọ̀.

Kó tó pé oṣù méjì, ó ti ń tẹ̀lé yín lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó ń dúró ti bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà títí ẹ ó fi kírun tán. Bí ẹ bá run orín láàárọ̀, ìdí pákò náà lẹ fi ń họ ọ́ lọ́rùn. Ẹ fún un lóríkì ọmọ ènìyàn. Àǹtí Àṣàkẹ́ tó ń gbé òdìkejì wa bá yín ṣọ̀tá fún odindi ọdún kan, torí bí ẹ bá ti pe orúkọ náà, àwọn méjèèjì ló ń dáhùn.

Àmọ́ ẹ ò gé e létí. Gbogbo ẹran agboolé wa ló ní àmì: etí òsì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni la ewé. Bí ẹran bá ṣìnà dé Kuta, ẹni tó bá mọ àmì náà á mọ ilé tó ti wá. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń gé e fún gbogbo ilé. Lọ́jọ́ tó kan Àṣàkẹ́, ẹ mú bíléèdì, ẹ dì í létí mú, òun sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ yín, ó dijú. Ẹ ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì ẹ ní ó di Jímọ̀. Nígbà tó di Jímọ̀, ẹ ní kí n fi yín sílẹ̀, pé ewúrẹ́ tó bá mọ ilé kò nílò àmì. Mi ò bá yín jiyàn. Ṣé ẹ mọ̀ nígbà náà pé èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn yóò bá nílẹ̀?

Ràṣídì, àbíkẹ́yìn yín, ti fi Ìbàdàn sílẹ̀. Wọ́n ta ọgbà tó ń ṣọ́. Àwọn tó rà á kò fẹ́ ẹ, wọn ò sì fẹ́ ajá tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan, ó mú ajá náà lọ́wọ́, ó wálé. Bíńgò lorúkọ rẹ̀. Ẹranko ńlá ni, etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìrù rẹ̀ kì í sinmi. Bàbá Àlùfáà, àbúrò yín tó di olórí ilé lẹ́yìn yín, jáde wò ó.

"Ràṣídì, ìwọ lo mú un wá ni, àbí òun ló mú ẹ wá?"

"Bàbá, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni."

"Ó dáa. Kí ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ má dé yàrá tí mo ti ń kírun."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bíńgò fi ahọ́n lá ẹnu búta Bàbá Àlùfáà. Ẹ mọ òfin rẹ̀: ohun tí ajá bá fẹnu kàn, ẹ̀ẹ̀meje la ó fọ̀ ọ́. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje lójú wọn, wọ́n ń kà á bí ẹni ka owó. Omi garawa kan àti ààbọ̀ ló bá a lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní ọkàn àwọn kò tíì gbà á. Wọ́n ra búta tuntun, wọ́n sì sọ iye rẹ̀ fún Ràṣídì. Mi ò fi ìyẹn kún ìṣirò tí mo ṣe lókè, kí ẹ má baà sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Bíńgò ń sùn, tòun ti ṣéènì rẹ̀. Ewúrẹ́ yín ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi omi ṣòfò nítorí rẹ̀. Ìgbálẹ̀ nìkan ló ń béèrè láàárọ̀.

Èmi àti Ràṣídì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹran méjèèjì, ìjà ẹ̀rín tó máa ń di ìjà gidi nígbà mìíràn.

"Àǹtí mi, ajá ń ṣọ́lé. Kí ni ewúrẹ́ ń ṣọ́?"

"Ó ń ṣọ́ èèpo iṣu kó má baà bàjẹ́."

"Bí olè bá wọlé, Bíńgò á gbó. Tèyí, á bá olè lọ ni, bí olè bá ṣáà mú búrẹ́dì dání."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà lójúmọ́ nítorí gbígbó. Gbé owó náà fún mi, èmi náà mọ bí wọ́n ṣe ń gbó."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò ní àwàdà. Ó ní ewúrẹ́ tí a ò lè tà, tí a ò lè jẹ, kí ló wà fún? Ó ní Iléyá ń bọ̀, àgbò sì ti wọ́n ju agbára wa lọ, kí n má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ òkú dí alààyè lọ́wọ́. Mo lọ bu èèpo ẹ̀gẹ́ fún Àṣàkẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ì bá sọ?

Mi ò ní rẹ́ Bíńgò jẹ. Ó gbó lé àwọn tó wá jí dísù nínú ẹ́ńjìnnì ìlọta mi, wọ́n sì sá fi kẹ́ẹ̀gì wọn sílẹ̀. Lítà márùn-ún ni ì bá lọ. Mo kà á fún un. Bí Ràṣídì bá sì jáde, inú ajá náà kì í dùn títí yóò fi padà. Á gbé orí lé ẹsẹ̀, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó sọ pé ajá kò mọ ìfẹ́ kò tíì rí ojú yẹn.

Oyún wà nínú Àṣàkẹ́ nígbà tí òjò ọdún yìí ń rọ̀ gan-an. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ẹnu bọ abọ́ Bíńgò, ó sì ń jẹ ìrẹsì rẹ̀ bí ẹni pé òun ni wọ́n sè é fún. Ràṣídì ti tú ajá náà sílẹ̀ kó lè na ẹsẹ̀. Bíńgò lé e. Ó lé e kọjá mọ́ṣáláṣí, ó lé e kọjá títì, ó wá padà wálé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú rẹ̀ ń dùn. Àṣàkẹ́ kò padà. Òjò ńlá sì bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ mọ́jú.

A wá a títí. Ràṣídì ní kí n má ṣèyọnu, pé ajá òun á gbóòórùn rẹ̀. Ó fún Bíńgò ní okùn Àṣàkẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, Bíńgò sì fà á lọ tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, títí ó fi dé ìsọ̀ ẹlẹ́ran tó ń ta fùkù fún wọn. Bó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ tó, mo rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rín tán. Àwọn tó ń wá lọ ata sọ ọ́ lójú mi: "Ká ní ẹ gé e létí ni, ẹ̀ bá ti rí i." Àwọn kan ní Bàbá yẹn kẹ́ ẹran bàjẹ́. Wọ́n ń kó ata wọn lọ, èmi ń gba owó wọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí obìnrin kan tó dé láti ọ̀nà Olúpọ̀nnà, tó wá lọ ẹ̀wà. Ó ní ewúrẹ́ dúdú kan tó ní funfun lórí bíi fìlà wà nídìí ògiri Làmídì fọkanáísà, lẹ́yìn ilé epo, ó sì ti bí ìbejì. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Èmi, Ràṣídì àti Bàbá Àlùfáà gun ọ̀kadà méjì. Bíńgò wà nílé lórí ṣéènì.

Òun ni, Bàbá mi. Ó ti rù díẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ògiri, akọ kan àti abo kan ń fa ọmú rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó ké. Làmídì fi irin tó fi ń tú táyà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àlùfáà, ó gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Kì í ṣe ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

"Ewúrẹ́ yẹn, tiwa ni," mo wí.

"Kí ni àmì rẹ̀, ìyá wa?"

"Ó ní funfun lórí."

"Ìyá mi náà ní funfun lórí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àti ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń bẹ iṣu. Làmídì kò dúró síbẹ̀.

"Àmì etí ni mò ń bèèrè. Ẹran ilé wo ni kò ní àmì ní Ìwó? Ẹ wo etí rẹ̀, ó mọ́ bí ọjọ́ tí Ọlọ́run dá a. Inú òjò ló wọ abẹ́ ibi tí mò ń kó táyà sí, ó bímọ síbẹ̀. Èmi ni mo fi àpò nù wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń kọjá kí n tó so ó. Ẹnikẹ́ni ò wá. Bí ẹ bá wà nípò mi, kí lẹ ó ṣe?"

Bàbá Àlùfáà yí tẹ̀súbáà wọn sọ́wọ́ kejì. Wọ́n sún mọ́ mi. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọwọ́ ara wọn fà á."

Bàbá mi, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ewúrẹ́ lọ. Mo rí i pé bí a bá padà lọ́wọ́ òfo, kì í ṣe ẹran nìkan la pàdánù. Ohun tí agboolé yóò máa sọ títí ayé ni pé ọkùnrin tó ń gé etí ẹran fún gbogbo ènìyàn kò láyà láti gé ti ẹran tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Ni mo bá la ẹnu, mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi.

"Bàbá mi ní ewúrẹ́ tó bá mọ ilé kò nílò àmì."

Làmídì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Làmídì, tú u."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká—"

"Mo ní tú u. Bó bá mọ ilé, kó lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ìwọ lo ni ín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Bàbá Àlùfáà ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Làmídì tú okùn.

Àṣàkẹ́ dúró díẹ̀, bí ẹni pé kò gbà pé ọrùn òun ti fúyẹ́. Ó yí padà. Kò kọjú sí ọ̀nà ìlú. Ó lọ tààrà síbi èèpo iṣu ìyá Làmídì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

"Ẹ ti rí i," ni Làmídì wí, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn. "Ó ti délé."

Ràṣídì wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Èèpo náà pọ̀, kò sì kánjú. Ó jẹ ẹ́ títí, ó kó èyí tó lẹ̀ mọ́ ìró ìyá náà. Ó lọ síbi ọpọ́n omi tí Làmídì fi ń wá ihò ara táyà, ó mu ún, epo díẹ̀ wà lójú rẹ̀, kò bìkítà. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ nílé. Nígbà náà ló gbọn ara, ó ké sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó kọjá láàárín èmi àti Làmídì láìwo ẹnikẹ́ni nínú wa, ó bọ́ sí títì, ó kọjú sí Ìwó.

"Ewúrẹ́ jẹ, ó relé," ni ìyá Làmídì wí. Kò parí òwe náà. Ó so ìborùn rẹ̀, ó tẹ̀lé e.

Gbogbo wa la tẹ̀lé e. Ìyá náà ló ṣíwájú, Làmídì mú irin táyà rẹ̀ dání torí ó gbàgbé láti gbé e sílẹ̀, Bàbá Àlùfáà ń yí tẹ̀súbáà, Ràṣídì nínú jalàbíà funfun, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀wà lílọ̀ lára aṣọ mi. Àwọn tó ń ta epo béèrè ẹni tó ń ṣègbéyàwó.

"Ewúrẹ́ ni," Làmídì dáhùn. "Ilé ọkọ ẹ̀ ló ń mú wa lọ."

Etí títì ni Àṣàkẹ́ ń gbà, bí arúgbó tó mọ ìwà ọlọ́kọ̀. Nígbà tí a dé ibi gọ́tà ńlá, ó fò ó, akọ fò ó, abo kò lè fò ó. Ọmọ náà dúró sí òdìkejì, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ yí padà, ó ń wò ó, ó sì ń wo ọ̀nà tí a gbà wá. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá padà sọ́dọ̀ ọmọ, ó lè bá a padà sídìí táyà pátápátá. Ràṣídì kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó fò ó kọjá.

"Ó fọwọ́ kàn án," Làmídì wí.

"Ọmọ ni mo fọwọ́ kàn. Mi ò fọwọ́ kan ìyá."

Bí wọ́n ṣe ń jiyàn lọ́wọ́ ni ọmọ ewúrẹ́ tọ̀ sí i lára, láti àyà dé orúnkún. Ìyá Làmídì wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ó ti sanwó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọ́n ń pe ìrun Alásárì nígbà tí a dé mọ́ṣáláṣí wa. Àṣàkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi imú kan àwọn bàtà tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn wọn, ó dé ìkẹyìn, ó tún fi ojú wá àyè tó ṣófo. Ṣé tiyín ló ń wá? Lẹ́yìn náà ó yà sí ọ̀nà agboolé wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíńgò tó dìde lórí ṣéènì rẹ̀, kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ fèrèsé yàrá yín, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú.

Làmídì fi apá nu ojú rẹ̀. "Àwa tí a lórí, ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀nà ilé tó báyìí," ni ó wí. Ó bèèrè orúkọ ẹni tó sìn ín. Mo dá a lóhùn, mo pe orúkọ yín ní kíkún, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, gbogbo ilé ṣe àmín, Àǹtí Àṣàkẹ́ ló ṣe tirẹ̀ sókè jù.

Láti ọjọ́ náà, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń gbé ata wá láti ọ̀nà Ilé-Ogbó. Wọ́n á lọ̀ ọ́ tán, wọ́n á wá bèèrè bóyá àwọn lè rí ewúrẹ́ tó dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Mo máa ń fi hàn wọ́n. Mi ò tíì gba kọ́bọ̀ lé e. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé bàbá mi kò gé e létí, pé ó mọ ìdí tí kò fi gé e.

Ràṣídì kò bẹ̀ mí. Ó ra iyọ̀ tí owó rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò mi, ó gbé e sídìí fèrèsé yín. Kò sì dárúkọ Iléyá mọ́.

Mo ti wá rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹran méjèèjì, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ènìyàn ni ajá mọ̀. Ibi tí Ràṣídì bá wà ni ilé Bíńgò. Bó bá kó lọ sí Èkó lọ́la, ajá náà ti gbàgbé ọ̀nà ibí. Ohun iyebíye ni irú ìfẹ́ yẹn, ó sì wọ́n lówó. Ilé ni ewúrẹ́ mọ̀. Ẹni tó kọ́ ilé náà lè má sí níbẹ̀ mọ́, kò ní kó má padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣé ohun tí ẹ rí lójú rẹ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí ẹ mú bíléèdì?

Ó ku ọ̀rọ̀ Làmídì. Mo san owó oògùn aràn tó rà fún wọn. Owó oúnjẹ, ó ní òun ò gbà á. Mo ní ìyẹn nìkan kò tó, torí gbogbo wa la mọ òfin àgbàsìn: ẹni tó bá sin ẹran ẹlẹ́ran títí ó fi bímọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìpín nínú ọmọ. Bàbá Àlùfáà ní kí n fún un ní akọ. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀. Akọ, a tà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Abo, kó tó di ọdún mẹ́ta ó ti di agbo kékeré. Mo mọ iye tí mo fẹ́ jù sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n dé orí kọ́bọ̀. Mo ní abo ni màá fún un. Bàbá Àlùfáà bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Mo ní torí pé Làmídì fi ọ̀sẹ̀ kan bèèrè kó tó so okùn mọ́ ẹran tí kò ní àmì, irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ilé wa kò sì ní rẹ́ ẹ jẹ.

Ọmọ náà ṣì ń mu ọmú, a ò lè tíì gbà á lẹ́nu ìyá rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo owó ti jáde, ìwé ti mọ́, àfi èyí nìkan tó ṣì wà lọ́rùn wa títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí: abo ọmọ ewúrẹ́ kan, ti Làmídì fọkanáísà, a ò tíì san án.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó ń fi orúkọ yín gbé orí sókè, tí kò sì tíì dẹ́kun láti máa fẹ́ràn yín.